Bí Síkáòtù Bá Fẹ́ Pàgọ́ ní Ìbà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó ló mọ Ìyànà Ìbà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ẹni tó mọ Ìbà gan-an. Àwọn kọ̀ńdọ́ tó ń pe èrò ní Mile 2 ni wọ́n gbé orúkọ oríta náà káàkiri, ẹni tó bá sì sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, bí kò bá jẹ́ Yunifásítì ló ń lọ, á jẹ́ pé ó fẹ́ wọ mọ́tò mìíràn lọ sí Àgbárá tàbí Badagry. Ìlú tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe oríta wà nínú lọ́hùn-ún, ní apá àríwá ọ̀nà ńlá, lójú títì tó gba Ìgàndò lọ sí Ìṣẹrí. Ìlú Àwórì ni, ó ní ọba tirẹ̀, ó sì ti wà kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ọ̀dà lójú títì.

Ohun tó jẹ́ kí n mú Ìbà wá síwájú ẹ̀yin ònkàwé lọ́sẹ̀ yìí ni ìbéèrè kan tí kì í tán lẹ́nu àwa olùkọ́ tí a ń darí ọmọ ẹgbẹ́ Síkáòtù. Níbo ni a lè kó àwọn ọmọ wa jọ sí, láti Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, kí wọ́n pàgọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, kí wọ́n mọ ara wọn? Bí ẹnì kan bá ti dárúkọ Ìbà, ẹlòmíràn á ní, "Ó dára, ilẹ̀ wà níbẹ̀." Lóòótọ́ ni ilẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ilẹ̀ wo ni? Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyẹn.

Ọ̀NÀ ÀTI ÌLÚ

Láti Mile 2, ẹni tó bá dojú kọ ìwọ̀-oòrùn yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Festac, ìlú tí ìjọba kọ́ fún àwọn àlejò tó wá sí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ní ọdún 1977. Yóò kọjá ní Trade Fair, ọjà ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 1977 kan náà. Yóò dé Barracks, níbi tí àwọn ọmọ ogun ń gbé, lẹ́yìn èyí ni Volks, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ Volkswagen ní ọdún 1975. Lẹ́yìn náà ni Ìyànà Ìbà. Bí ó bá tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí i, Okokomaiko nìyẹn, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Òkókó.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà yìí ti gba àlejò rí. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún (17,000) àlejò ni wọ́n múra láti fi wọ̀ sí Festac ní ọdún 1977. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tuntun lágbègbè yìí pé kí ènìyàn púpọ̀ wá láti òkèèrè. Ohun tó yàtọ̀ ni pé owó epo rọ̀bì ni ìjọba fi kọ́lé fún àwọn wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tiwa yóò sùn sínú aṣọ àgọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ta.

Bí a bá yà kúrò ní oríta náà, a ó rí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. A ó sì rí ilé àwọn òṣìṣẹ́ tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande kọ́ nígbà tó jẹ́ gómìnà láàárín 1979 sí 1983, tí a ń pè ní Iba Estate. Ní ọdún 2003 ni ìjọba Èkó yọ Ìbà lára Ọ̀jọ́, tí wọ́n fún un ní ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tirẹ̀. Ilé ti pọ̀ níbẹ̀ báyìí. Níbi tó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ lójú àwọn àgbà, ilé alájà méjì ló dúró síbẹ̀, ibi tó ṣófo kò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́. Ẹni tó bá rí pápá tó ṣófo ní Èkó, kí ó kọ́kọ́ béèrè ìdí tí kò fi sí ilé lórí rẹ̀. Nígbà mìíràn, ọlọ́gbọ́n ló ni ín, ó ń pa á mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, omi ló ni ín.

ÀWỌN ARÁ ÀTIJỌ́ ÀTI OMI

Ìtàn tí àwọn Àwórì ń sọ nípa ara wọn yẹ kí gbogbo ọmọ Síkáòtù gbọ́ ọ. Wọ́n ní nígbà tí Ọlọ́fin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, àwo kan ni wọ́n gbé lé ojú omi, tí wọ́n ń tẹ̀ lé e bí ó ti ń lọ. Ibi tí àwo náà bá dúró sí, àwọn náà á dúró. Nígbà tí wọ́n dé Ìṣẹrí, àwo náà yí po, ó sì rì. Nígbà tí àwọn ènìyàn béèrè rẹ̀, èsì tí wọ́n rí gbà ni pé, "Àwo ti rì." Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Àwórì.

Àwọn ọmọ Síkáòtù a máa kọ́ bí a ti í tọ ipasẹ̀ ẹranko àti bí a ti í fi àmì sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn baba Àwórì tọ ipasẹ̀ àwo lórí omi, wọ́n sì rí ibi tẹ̀dó sí. Àwọn tó mọ omi tó bẹ́ẹ̀ kì í kọ́lé sójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá rìn káàkiri àwọn ìlú Àwórì àtijọ́ yóò rí i pé ibi tó ga díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀dó sí, tí ọ̀sà tàbí odò sì wà nítòsí fún ọkọ̀ ojú omi àti ẹja pípa. Àwa tí a dé lẹ́yìn ni a ń da iyanrìn sí àbàtà, tí a ń pè é ní ilẹ̀.

ÀPÈJỌ ŃLÁ ÀTI ÒJÒ

Ní ọdún 1907 ni Robert Baden-Powell kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti wò bóyá ohun tó ń rò nípa ìtọ́jú ọ̀dọ́ lè ṣeé ṣe. Àwọn ọmọ olówó àti ọmọ òṣìṣẹ́ ló pa pọ̀ sínú àgọ́ kan náà. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Síkáòtù ti tàn káàkiri ayé. Ó wọ Nàìjíríà ní ọdún 1915, ẹgbẹ́ ti orílẹ̀-èdè wa sì wọ inú ẹgbẹ́ àgbáyé ní ọdún 1961. Ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n fi ṣe àkọlé wọn kò ju "Múra sílẹ̀" lọ.

Ní ọdún 1920 ni wọ́n ṣe àpèjọ àgbáyé àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Jámbórì, ní ìlú London. Àwọn ọmọ bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ló wá láti orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n (34). Inú gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n ti ń ṣeré, ṣùgbọ́n etí odò Thames ni wọ́n pàgọ́ sí. Odò náà kún, omi wọ inú àgọ́, wọ́n sì ní láti kó àwọn ọmọ kúrò. Ní ọdún 1929, ní Arrowe Park, òjò rọ̀ títí tí gbogbo pápá fi di ẹrẹ̀.

A lè ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wá wo ti oṣù kẹjọ ọdún 2023, ní Saemangeum ní ilẹ̀ Korea ti Gúúsù. Ọmọ tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì (40,000) lọ ló péjọ síbẹ̀, láti orílẹ̀-èdè tó ju 150 lọ. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n ní láti fi múra. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n yàn jẹ́ ibi tí òkun wà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n dí omi rẹ̀ kúrò. Kò sí igi tí yóò ṣíji bo ènìyàn, omi òjò kò sì rí ibi ṣàn lọ. Oòrùn mú, ẹ̀fọn jẹ wọ́n, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dọ̀tí, ọ̀pọ̀ ọmọ ṣubú lulẹ̀ nítorí ooru. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà kó ẹrù wọn, wọ́n sì lọ. Nígbà tí ìjì ńlá tún ń bọ̀, wọ́n kó gbogbo àwọn tó kù kúrò níbẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Korea kì í ṣe orílẹ̀-èdè tálákà. Wọ́n ní owó, wọ́n ní ọkọ̀, wọ́n ní dókítà. Ilẹ̀ ni wọn kò yàn dáadáa. Bí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá lè ja irú wọn kulẹ̀, kí ni yóò ṣe àwa tí a bá lọ pàgọ́ sórí àbàtà tí wọ́n da iyanrìn sí ní ọdún tó kọjá?

OMI MÍMU ÀTI ṢÁLÁŃGÁ

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ Jámbórì, ìlù àti fèrè, àsíá àti ìyíde ló máa ń wá sọ́kàn. Ẹni tó bá fẹ́ gbàlejò ọmọ púpọ̀, kí ó fi ìlù sílẹ̀ ná, kí ó ka garawa omi.

Àwọn tó ń ṣètò ibùdó fún ogunléndé káàkiri ayé ní òṣùwọ̀n kan. Wọ́n ní ẹnì kan kò gbọdọ̀ ní kéré sí lítà omi 15 lójúmọ́, fún mímu, sísè àti wíwẹ̀. Ṣáláńgá kan kò sì gbọdọ̀ ju ti ogún ènìyàn lọ. Ẹ jẹ́ ká fi èyí ṣírò. Bí a bá kó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta (3,000) ènìyàn jọ, ọmọdé àti àgbà, omi tí a ó lò lójúmọ́ yóò jẹ́ lítà 45,000. Bí tánkà kan bá ń gbé lítà 10,000, a nílò tánkà márùn-ún lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, wọn kò sì gbọdọ̀ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ìyànà Ìbà. Ṣáláńgá tí a nílò jẹ́ 150. Bí a bá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìrẹsì ọgọ́rùn-ún gíráàmù lẹ́ẹ̀kan, àpò ńlá mẹ́fà tó jẹ́ àádọ́ta kílò ni yóò bọ́ sínú ìkòkò fún oúnjẹ kan ṣoṣo, kí a má tíì sọ ti igi ìdáná.

Ọ̀rọ̀ ṣáláńgá ló le jù ní Ìbà. Ní ibi tó rẹlẹ̀ lágbègbè yìí, bí ènìyàn bá gbẹ́ kòtò tí kò tó ìdúró rẹ̀, omi ti yọ. Ṣáláńgá tí omi bá yọ nínú rẹ̀ kì í ṣe ṣáláńgá mọ́, ó ti di ọ̀nà tí ìgbẹ́ yóò gbà wọ inú kànga. Òfin àwọn oníṣẹ́ ìlera ni pé kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó ọgbọ̀n mítà, ó kéré tán, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ àbàtà, ọgbọ̀n mítà náà lè má tó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì jà ní Èkó, ó sì pa ènìyàn. Òbí wo ni yóò fi ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lẹ́ẹ̀kejì bí irú rẹ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ nínú àgọ́ wa?

Omi ò lọ́tàá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi kan wà tó jẹ́ ọ̀tá, òun náà ni èyí tí ṣáláńgá ti fọwọ́ kàn.

ÌGBÀ TÓ YẸ

Àwọn kan á ní oṣù kẹjọ ló dára, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi, òjò a sì máa dáwọ́ dúró díẹ̀. Mo bá wọn gbà pé òjò a máa dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í tètè gbẹ. Omi oṣù kẹfà àti oṣù keje ṣì wà lábẹ́ koríko, ẹ̀fọn sì ti yé ẹyin sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni òjò oṣù kẹsàn-án ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìgbà Àjíǹde náà kò dára tó, nítorí ìgbà náà ni ìjì àkọ́rọ̀ òjò máa ń jà, tó lè ká àgọ́ bí ẹni ká ewé.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kìíní ni mo fara mọ́, lẹ́yìn ọdún tuntun, kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé. Ilẹ̀ gbẹ, ọyẹ́ ń fẹ́, òru tutù. Ewu iná nìkan ló wà nígbà náà. Kí a fi àyè sílẹ̀ láàárín àgọ́ àti àgọ́, kí a ro koríko yí ibi ìdáná ká, kí garawa iyanrìn sì wà ní ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé ìdáná.

ÀÀBÒ ÀTI ÀWỌN ONÍLẸ̀

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ jọ kò gbọdọ̀ fi ṣe àṣírí. Ní oṣù keje ọdún 2017, àwọn ajínigbé wọ ààfin Oníbà lálẹ́, wọ́n sì gbé Kábíyèsí gba ojú omi lọ. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ìlú tí omi wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ilẹ̀kùn méjì. Bí a bá fi ọlọ́pàá àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó dàgbà ṣọ́ ẹnu géètì nìkan, tí a fi apá odò sílẹ̀, a kò tíì ṣọ́ nǹkan kan. Kí àgọ́ má ṣe wà létí omi rárá. Kí a ka àwọn ọmọ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kí orúkọ olúkúlùkù àti ti òbí rẹ̀ wà lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ka rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀. Láti ọdún 2016 ni òfin Èkó ti kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni máa fi ipá gba owó lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé òfin nìkan kò tó. A kì í wọ ìlú kí a má kí onílùú. Kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ kọ́kọ́ lọ kí Oníbà àti Ọlọ́jọ́ ti Ọ̀jọ́, kí wọ́n mú ìwé lọ sí ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀, kí wọ́n sì rí àwọn ìyálọ́jà tó wà nítòsí. Àwọn ìyá wọ̀nyí ni yóò ta ata, ẹ̀fọ́ àti gàrí fún wa. Ìlú tó bá ń jẹ èrè àlejò kì í jẹ́ kí ìyà jẹ àlejò.

Ọ̀MỌ TÓ YẸ KÍ Ó WÁ

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni ọmọ tí kò rí Èkó rí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ abúlé kan lókè lọ́hùn-ún, ọmọ kan wà tó mọ bí a ti í so okùn ju ọmọ Ìkẹjà lọ, tó mọ igi tó ń jó dáadáa àti èyí tó kàn ń rú èéfín. Bí a bá ṣe àpèjọ náà ní olówó gọbọi, ọmọ yìí kò ní wá. Àwọn ọmọ olówó nìkan ni yóò wá, wọn yóò sì ra oúnjẹ wọn ní Òkókó. Kí ni a ti wá kọ́ wọn?

Bí ọmọ náà bá sì wá, ohun tí yóò rí pọ̀. Láti Ìyànà Ìbà sí Badagry kò tó àádọ́ta kìlómítà. Níbẹ̀ ni ilé alájà kan tí àwọn oníwàásù parí ní ọdún 1845 wà. Níbẹ̀ ni ibi tí igi Àgíà dúró sí títí tó fi wó ní ọdún 1959, igi tí wọ́n wàásù ìhìnrere lábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842. Níbẹ̀ náà ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń kó ẹrú lọ sí etí òkun. Ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà yẹn kò ní í gbàgbé ohun tí ìwé ìtàn sọ. Ní apá Èkó, ó lè wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Marina sí Mile 2 ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, èyí tí wọ́n ṣètò pé kí ó dé Okokomaiko nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí.

Ó YẸ, ÀMỌ́ BÁYÌÍ NI

Ǹjẹ́ Ìbà lè gbà wá? Ìdáhùn mi ni pé ó lè gbà wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà, kì í sì í ṣe lórí ilẹ̀ tuntun tó wà létí àbàtà.

Kí a fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sílẹ̀ ná. Kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ̀ta (600). Omi ẹgbẹ̀ta ènìyàn jẹ́ lítà 9,000 lójúmọ́, tánkà kan ṣoṣo tó o. Ṣáláńgá wọn jẹ́ ọgbọ̀n, èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ ńlá méjì tàbí mẹ́ta lè ti ní èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí a kọ̀wé sí Yunifásítì àti sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lórí ilẹ̀ gíga, kí a tọrọ pápá wọn, kí a bá wọn tún ẹ̀rọ omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ṣe. Ohun tí a bá tún ṣe yóò wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn lẹ́yìn tí a bá ti ká àgọ́ wa. Owó tí à bá fi gbẹ́ kòtò àádọ́jọ, kí a fi san owó ọkọ̀ àwọn ọmọ abúlé.

Kí olúkúlùkù ọmọ mú abọ́ àti ife tirẹ̀ wá láti ilé, nítorí pé láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni ìjọba Èkó ti fòfin de abọ́ fúyẹ́fúyẹ́ tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ń sọnù, tó sì ń dí gọ́tà. Kí olúkúlùkù mú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wá. Kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ sì lọ wo ilẹ̀ náà ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ kíkankíkan, kí wọ́n tó yàn án fún oṣù kìíní. Ibi tí ẹsẹ̀ wọn bá ti rì, kí wọ́n má ṣe ta àgọ́ ọmọ síbẹ̀. Bí ẹgbẹ̀ta bá lọ láyọ̀, tí wọ́n bọ̀ láyọ̀, ní ọdún kejì kí a pe ẹgbẹ̀rún kan.

Àwọn baba wa ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ní Ìbà, omi ti wà níwájú kí a tó dé. Kí àwa wá ilẹ̀ gbígbẹ tí àwọn ọmọ yóò tẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ará Ìbà, Ọ̀jọ́ àti Òkókó, iṣẹ́ yìí kan gbogbo wa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí, kí ọdún méjì tó pé.